Ẹ ti máa ṣe práktíìsì kí líǹkì tẹ́ẹ̀sì tó dé
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbìyànjú iṣẹ́ graduate trainee (iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì) ní KPMG, PwC, Deloitte àbí EY, àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó ńlá mẹ́rin yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dúró de líǹkì tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ práktíìsì, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi CV ránṣẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ìṣirò ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le, àkókò ló ń pa èèyàn. Wọ́n lè gbé téébù síwájú yín, ọjà tẹ́ ẹ tà lọ́dún tó kọjá 80 mílíọ̀nù, tọdún yìí 92, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló fi pọ̀ sí i? 12 ló fi lé, ẹ fi 80 pín in, 15% nìyẹn. Ẹni tó bá ń kánjú á fi 92 pín in, á rí 13%, wọ́n á sì ti gbé 13% ọ̀hún sáàárín àwọn ìdáhùn tó máa mú níbẹ̀ dè é, àwọn èèyàn yìí mà gbọ́n o! Ẹ fi fóònù dá aago, ìṣẹ́jú kan fún ìbéèrè kan, kẹ́ ẹ gbé kakulétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé 2:1 (èsì dìgírì second class upper) làwọn fẹ́, práktíìsì ò lè sọ 2:2 (second class lower) di 2:1, ẹ ka ohun tí wọ́n ń béèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó fi dátà ṣòfò.