Owó kúlà ju owó ìrẹsì lọ: ìrírí mi pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta ní bíìṣì

Ẹ jẹ́ n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣì ń dùn mí títí dòní. ₦15,000 ni mo san kí wọ́n tó jẹ́ kí kúlà wa kọjá géètì bíìṣì kan lápá Lẹ́kí. Kì í ṣe owó ìwọlé o, owó ìwọlé ti lọ lọ́tọ̀. Kúlà lásán. Kúlà tí mo fowó ara mi rà, ìrẹsì tí mo jí ní aago mẹ́rin ìdájí sè ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú adìẹ díndín àti omi. Tẹ́ ẹ bá da gbogbo owó tí mo ná sórí oúnjẹ yẹn pọ̀, kò tó ₦15,000. Ìyẹn ni pé owó kúlà ju owó ohun tó wà nínú kúlà lọ, ẹ ò rí nǹkan.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún márùn-ún, Ìdòwú tó tẹ̀ lé wọn ń lọ sí ọdún méjì. Ìpájà là ń gbé. Lálẹ́ ọjọ́ kan Kẹ́hìndé ṣàdédé bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ògiri wà létí òkun bíi ti púùlù?" Ojú tì mí. Ọmọ tí wọ́n bí s'Ékòó, tí wọ́n ń tọ́ l'Ékòó, kò rí òkun rí. Nígbà tí èmi wà lọ́mọ wọn, Bar Beach ní Victoria Island (VI) ni gbogbo àdúgbò wa máa ń lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, ẹlòmíì á gbé odidi ìkòkò ìrẹsì wọ mólúè, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohun tó gbé. Wọ́n ti kó yanrìn dí ibẹ̀ báyìí, ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ sórí ẹ̀. Bíìṣì Landmark tí àwọn tó bímọ kékeré tún fẹ́ràn, títì etí òkun tí ìjọba ń là lọ sí Calabar ló gba ibẹ̀ kọjá ní 2024. Àwọn bíìṣì tó kù wá mọ̀ pé ibi tá a lè sá lọ ò pọ̀ mọ́.

Mi ò ní máa ka bí mo ṣe palẹ̀mọ́ fún yín, ẹni tó bá ti bímọ mọ̀ ọ́n, pampers, aṣọ ìpààrọ̀, oògùn ibà, gbogbo ẹ̀ ṣáà. Aago mẹ́sàn-án la kúrò nílé, àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, torí nígbà tá a fi máa jáde nínú go-slow, aago méjìlá ti ń lọ lù.

Ẹ wá wo géètì.

Sẹ̀kiúrítì, ọmọkùnrin kan báyìí tó wọ dígí dúdú, gba owó ìwọlé wa, ó so ribọ́ọ̀nù pupa mọ́ wa lọ́wọ́, ó tiẹ̀ ń bá Ìdòwú ṣeré, inú mi ti ń dùn pé èèyàn dáadáa ni. Àfi bó ṣe rí Bàbá Ìbejì tó ń gbé kúlà bọ̀ lẹ́yìn, ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o, a kì í gbà kí wọ́n gbé oúnjẹ wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e wọlé, ₦20,000 ni." Mo ní owó kí ni? Ó ní owó kúlà. Mo ní ṣé kúlà náà máa lúwẹ̀ẹ́ ni? Àwọn tó wà lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín rárá.

Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Mo ní ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì ò lè jẹ ẹja yíyan oníata tí wọ́n ń tà nínú lọ́hùn-ún, ògì ló máa mu, ó wà nínú fúláásìkì. Ó ní fúláásìkì lè wọlé, kúlà ni ò lè wọlé. Mo ní ìrẹsì àwọn ìbejì ńkọ́? Ó ní ìyẹn ti di oúnjẹ àgbà. Ọmọ ọdún márùn-ún! Mo bẹ̀ ẹ́, mo pè é ní bọ̀dá, bẹ́ẹ̀ àbúrò mi pátápátá ni. Ó ní tó bá jẹ́ tòun ni, òun á jẹ́ ká wọlé, àmọ́ kí n dúró de mánéjà. Mánéjà dà? Ó ti jáde, ó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ "ó ń bọ̀" Èkó.

Ìdajì wákàtí la fi dúró. Oòrùn ọ̀sán gangan, kò síbòji kankan àfi ti òpó géètì, èyí tí sẹ̀kiúrítì ti jókòó sí. Ìtọ̀ ń gbọ̀n Táíwò, ilé ìtọ̀ wà, àmọ́ inú ló wà. Kẹ́hìndé ń gbọ́ bí ìgbì ṣe ń hó, kò sì rí nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá Ìbejì ní, "Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́, jẹ́ ká sanwó yìí ká máa lọ." Mo ní láéláé. Kí n sòótọ́, nígbà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́, orí kunkun lásán ni. Mánéjà padà dé nínú ọkọ̀ oní-AC, kò sọ̀kalẹ̀, ó yí gíláàsì wá sílẹ̀ díẹ̀, ó ní "₦15,000, torí àwọn ọmọ," ó yí i padà sókè, ó wọlé.

Mo ní kò burú, mo ṣe tíránsífà. Owó kúrò lọ́dọ̀ mi wàì, kò dé ọ̀dọ̀ wọn. "Mọ́mì, a ò tíì rí álẹ́ẹ̀tì." Mo na fóònù mi sí i, ó ní àwọn kì í wo fóònù kọsítọ́mà, pé àwọn kan ti fi ayédèrú ẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé rí. Mi ò lè bá a jiyàn níbẹ̀ yẹn, torí mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ, kò bọ̀. Bàbá Ìbejì bá kọjá sódìkejì títì lọ wá oní-POS tó máa fún un ní káàṣì, kò sọ fún mi, mo rò pé ó lọ tọ̀ ni.

Bí mo ṣe rí i pé ebi ti mú kí Ìdòwú máa jẹ ribọ́ọ̀nù ọwọ́ ẹ̀, mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo ṣí kúlà, mo ní ó yá, ẹ wá jẹun. Ẹnu géètì bíìṣì la ti jẹ ìrẹsì, tí àwọn èèyàn ń wọlé, tí wọ́n ń kí wa pé ẹ kú ìjẹun o. Ìyá alágbàdo tó wà nítòsí tún bù wá lómi ìfọwọ́. A ti jẹun tán, mo ti ń nu ẹnu Táíwò, ni Bàbá Ìbejì já dé tẹ̀ríntẹ̀rín pé òun ti parí ẹ̀, òun ti san ₦15,000 káàṣì fún sẹ̀kiúrítì. Mo wo ojú ẹ̀, mo wo inú kúlà. Egungun adìẹ àti omi méjì ló kù níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú bíìṣì yẹn ò tiẹ̀ tó ìyẹn. Yanrìn ọ̀sán gbóná bíi ẹ̀yin iná, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ò lè kàn án. Kánópì ₦10,000. Ẹnì kan gbé Táíwò lérí ẹṣin láìbéèrè, lẹ́yìn náà ló ní kí n mówó wá. Ìgbì ibẹ̀ ga, ó ń fani, ó gba sílípáàsì ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé lọ lójú wa báyìí, torí náà etí omi lásán la dúró sí, mo di ọwọ́ wọn mú bí ẹni di ajá mú. Aago mẹ́rin a ń lọ sílé. Yanrìn inú ọkọ̀ yẹn, mo ṣì ń rí i lẹ́yìn oṣù kan.

Ẹlòmíì á ní òun ò lọ mọ́. Èmi ò sùn lórí ẹ̀. Mo ní mo máa tún un lọ, lọ́nà tèmi, mo sì lọ, ó sì dùn débi pé ọkọ mi pàápàá ń fi fótò ẹ̀ ṣe status fún ọjọ́ mẹ́ta.

Tarkwa Bay la lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí ni pé àwọn òkúta ńlá tí wọ́n tò sẹ́nu ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó máa ń fọ́ ìgbì kó tó dé ibẹ̀, omi ibẹ̀ rọ̀ ju ti apá Lẹ́kí lọ dáadáa, ọmọdé lè jókòó sétí ẹ̀. Kò sí títì tó débẹ̀, bóòtù lèèyàn ń wọ̀, jẹ́tì kan ní VI la ti wọ tiwa. Kí n tó dáná rárá ni mo ti pe ẹnì kan tó ń háyà àga níbẹ̀ lórí fóònù: ṣé mo lè gbé oúnjẹ mi wá? Èló ni àga àti ibòji? Ṣé omi wà téèyàn lè fi ṣan ara? Ìpè ìṣẹ́jú méjì. Ká ní mo ti pe ti àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀, ₦15,000 mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la kúrò nílé, a ti ń tẹ yanrìn tútù kí aago mẹ́sàn-án tó lù, aago kan ọ̀sán la ti ń kúrò. Èyí ló ràn wá lọ́wọ́ jù, kì í ṣe gbogbo ẹrù tí mo kó lọ́jọ́sí. Láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta, oòrùn ò ṣeé bá ṣeré. Mọ́mì mi ní oòrùn kì í bó aláwọ̀ dúdú, pé kí n fi òrí pa wọ́n lára ó tó, mo sì gbọ́ tiwọn nígbà àkọ́kọ́, àmọ́ imú Ìdòwú bó. Òrí dáa lálẹ́ tí wọ́n bá wẹ̀ tán. Tọ̀sán, ẹ ra sunscreen kẹ́ ẹ sì tún un pa tí wọ́n bá ti jáde nínú omi.

Ti bóòtù, ẹ dúnàádúrà owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ san ìdajì, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ọkùnrin tó wà á. Kẹ́ ẹ sì mú life jacket ọmọdé dání láti ilé, torí èyí tá a bá nínú bóòtù, ti àgbà ni gbogbo ẹ̀, tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ fún Ìdòwú, á yọ́ bọ́ láti ìsàlẹ̀ ni. Aṣọ olómi ọsàn ni mo rà fáwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó ń tàn yòò. Búlúù tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́sí, bí wọ́n bá ti wọmi báyìí, mi ò rí wọn mọ́.

Mo mú àbúrò mi obìnrin dání kí àgbà lè tó ọmọ. A wá ní fìlà kan, fìlà aláwọ̀ ewé, ẹni tó bá dé e ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù, kò gbọdọ̀ ya fótò, bó bá rẹ̀ ẹ́ á gbé e fún ẹlòmíì, á sì fẹnu sọ ọ́ pé "ó ti dọwọ́ rẹ o." Torí tí gbogbo yín bá jọ ń wò ó, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ohun tí Mọ́mì mi sọ tí mo gbà ni pé kí wọ́n má kẹ̀yìn sókun láé, àwọn ìbejì wá sọ ọ́ di orin, wọ́n ń fò, wọ́n ń kọ ọ́. Omi ò sì gbọdọ̀ kọjá orúnkún wọn. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ibi tí ìgbì ti le, tí omi bá ń fà yín lọ, ẹ má wọ̀yá ìjà pẹ̀lú ẹ̀ láti padà tààrà, ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ẹ ó fi bọ́ lọ́nà ẹ̀.

Oúnjẹ, mi ò se ìrẹsì, yanrìn àti ìrẹsì ò ṣeé pín níyà. Mọ́ínmọ́ín eléwé, pọ́fù-pọ́fù, bàrà tútù tí mo ti gé sínú ike onídèérí, ó parí. Gbogbo ẹ̀ wọ báàgì kan. Mi ò gbé kúlà, ẹ̀rù ẹ̀ ṣì ń bà mí.

Páúdà wá ni ìdáhùn àdúrà mi. Ẹ jẹ́ kí ara ọmọ gbẹ díẹ̀, ẹ da páúdà sí ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, yanrìn á já bọ́ fúnra ẹ̀. Mo tún fi kẹ́ẹ̀gì omi onílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sínú búùtù ọkọ̀ ní jẹ́tì, oòrùn ti bá mi gbé e kaná nígbà tá a fi dé, ìwẹ̀ olómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ làwọn ọmọ mi wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Kò ṣaláì ku síbì kan o. Mo fi pampers sí Ìdòwú wọ òkun, ó fa omi mu, ó wú bí àmàlà, ó sì já lójú gbogbo èèyàn. Pátá lásán ni kẹ́ ẹ wọ̀ fún wọn. Ọkùnrin oníbóòtù náà fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹfà, "mo ti wà lójú omi, ẹ̀gbọ́n," ó ṣáà ń bọ̀.

Owó tíránsífà àkọ́kọ́ yẹn padà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ti káàṣì ni ò padà. Táíwò ti sọ kúlà lórúkọ, "kúlà fìfítíìn táúsàn" ló ń pè é, lójú àlejò pàápàá. Kẹ́hìndé ní ká tún lọ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, àmọ́ òjò oṣù kẹfà ti dé, òkun ti ń bínú, mo ní kó ní sùúrù di oṣù kọkànlá.