Bí ẹ ṣe lè múra fún máràtọ́ọ̀nù nígbà tí ẹni tí ẹ fẹ́ràn ń sá ìlọ́po márùn-ún rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Philippines ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń lò: lodi. "Idol" ni wọ́n kọ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹni tí orí ẹni ń wú sí ló túmọ̀ sí. Lẹ́nu nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni mo ti gbọ́ ọ. Pampanga, ní Philippines, ni wọ́n bí i sí, ó sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà Ate ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹni tó jù wá lọ ní àǹtí. Inú ilẹ̀kùn lọ́kà rẹ̀ ló lẹ fọ́tò Gerald Tabios mọ́.

Ọmọ Philippines ni Tabios, Amẹ́ríkà ló ń gbé, ó sì ti parí eré Badwater 135 ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí kò bá mọ Badwater, kó fojú inú wo àfonífojì Death Valley ní California, nínú oṣù Keje tí ooru ibẹ̀ ń bó ènìyàn lára. Ibi tó fi mítà 85 rẹlẹ̀ ju òkun lọ ni wọ́n ti ń gbéra, wọn a sá kìlómítà 217, wọn a wá parí rẹ̀ lára òkè Whitney, níbi tó ga ju 2,500 mítà lọ. Kìlómítà 42 ó lé díẹ̀ ni máràtọ́ọ̀nù kan; márùn-ún irú rẹ̀ ó lé nìyẹn, láì lọ sílé sùn. "Ọmọ ilẹ̀ wa ni o," ni Ate máa ń wí, bí ẹni pé òun ló gbé e pọ̀n.

Nígbà tí òun náà forúkọ sílẹ̀ fún máràtọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ rẹ̀, tí yóò lọ sá ní Manila nígbà ìsinmi, ó wo iye kìlómítà tí àwọn eléré ultra, ìyẹn àwọn tó ń sá ju máràtọ́ọ̀nù lọ, ń sá lọ́sẹ̀. Ó pín in sí méjì, ó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó ti ń tiro káàkiri wọ́ọ̀dù, ojúgun ń dùn ún. Ìgbà yẹn la jọ jókòó, tí a bi ara wa léèrè pé kí ni nínú ìṣe lodi yìí tó ṣeé mú, kí sì ni ká fi sílẹ̀ fún un.

Ìkíní: ẹ ka ọdún kí ẹ tó ka kìlómítà

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń sá 100 kìlómítà lọ́sẹ̀ lónìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ egungun àti iṣan rẹ̀. Èémí tètè ń mọ́ni lára. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, ẹ ó rí i pé ẹ kò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́ níbi tí ẹ ti ń dúró tẹ́lẹ̀. Egungun kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé: àyà ti gbà, ojúgun kò tíì gbà.

Ẹ kọ iye tí ẹ sá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá sílẹ̀, láì parọ́ fún ìwé. Ẹ pín in sí mẹ́rin. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ kìlómítà 12 péré lọ́sẹ̀. Ẹ máa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ dín in kù kí ara lè sinmi, lẹ́yìn náà kí ẹ tún máa gòkè. Ẹni tó bá lè sá kìlómítà 5 láì dúró, kó fún ara rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹni tí kò tíì lè sá a, kó kọ́kọ́ fi oṣù méjì wá ìyẹn.

Ìkejì: ẹ jí ìjẹ́jẹ́ wọn

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí òun làwọn ènìyàn kì í rí nínú fọ́tò. Ní Philippines, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní Bataan Death March 102, ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. 102 kìlómítà ni, wákàtí 18 sì ni wọ́n fún àwọn tó ń sá a. Ẹ gbé e lé ìṣirò: ẹni tó bá lo wákàtí 18 yẹn tán, ó lé ní ìṣẹ́jú 10 àbọ̀ tó ń lò lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá parí máràtọ́ọ̀nù ní wákàtí márùn-ún ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú méje. Ate, tó ń sá kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú mẹ́fà lójoojúmọ́ kí ó lè "dà bíi wọn," ń yára ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wárí fún lọ! Nígbà tí mo fi ìṣirò náà hàn án, ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sílẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù rẹ̀.

Nítorí náà, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá eré yín lọ́sẹ̀, kó jẹ́ jẹ́jẹ́. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò gba aago olówó ńlá: ẹ sọ ìtàn bí ẹ ṣe ń sá lọ. Bí ẹ bá ń já ọ̀rọ̀ sí méjì kí ẹ tó lè mí, ẹ dẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá dé òkè, ẹ rìn ín, kí ẹ má sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn eléré ultra ń rin òkè. Ìṣẹ́jú kan ìrìn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin eré pẹ̀lú kò ní kí máràtọ́ọ̀nù má jẹ́ máràtọ́ọ̀nù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ péré ni kí ẹ fi agbára díẹ̀ sí i.

Ìkẹta: ẹ wá ọjọ́ kan tí ẹ ó gbé omi tẹ̀lé eléré ultra

Bí eré ọ̀nà jíjìn bá wà nítòsí yín, ẹ lọ bá wọn pín omi, tàbí kí ẹ bẹ ẹnì kan pé kí ẹ bá a gbé ẹrù. Ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ kọ́ Ate ju gbogbo fídíò tó ti wò lọ.

Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ló ń sá eré Bataan náà, Ate sì jókòó sínú ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé e. Láti Mariveles dé San Fernando ni ọ̀nà náà. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun tó wà ní Bataan túúbá ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1942, ọ̀nà yìí làwọn ọmọ ogun Japan da ẹgbẹẹgbàárùn-ún ọmọ ogun Philippines àti ti Amẹ́ríkà gbà bí ẹran, láìsí omi, nínú oòrùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Òpó funfun wà lẹ́bàá ọ̀nà fún ìrántí wọn, nọ́ńbà kìlómítà sì wà lára òpó kọ̀ọ̀kan. Ate ní kò sẹ́ni tó ń pariwo nígbà tí àwọn eléré ń kọjá lára òpó wọ̀nyẹn. Ìlú tí eré náà parí sí kò jìnnà sílé wọn; láti kékeré ló ti ń rí òpó ọ̀hún láìbìkítà.

Ẹ gbọ́ ohun tó rí níbẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ ń jẹ ìrẹsì. Ó ń jẹ ànàmọ́ sísè pẹ̀lú iyọ̀, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ saba tí ìyá rẹ̀ sè sínú ike. Kò dúró kí ebi pa á kó tó jẹun. Ó ń fi yìnyín sábẹ́ fìlà. Ó pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi fasilíìnì pa ìka ẹsẹ̀ àti itan rẹ̀ kí wọ́n tó bó. Kò bínú sí ara rẹ̀ nígbà tí pajápajá mú un. Ó rìn títí ó fi tú u sílẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa bàtà olówó iyebíye.

Ẹ kó ìyẹn wálé. Lórí eré tó bá ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, ẹ máa jẹ oúnjẹ tí èròjà afúnnilágbára (carbohydrate) inú rẹ̀ tó gíráàmù 30 sí 60 láàárín wákàtí kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó tóbi díẹ̀ máa ń ní tó nǹkan bí 25. Ọjọ́ tí ẹ bá ń sá eré gígùn ni kí ẹ ti dán oúnjẹ náà wò. Ẹ má gbìyànjú nǹkan tuntun lọ́jọ́ ìdíje. Ikùn kì í gbọ́ àlàyé. Omi ńkọ́? Ẹ mu ún bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Àmujù omi lè fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dànù débi tí ènìyàn á fi dákú, mo sì ń sọ èyí gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì.

Ìkẹrin: eré gígùn kan lọ́sẹ̀

Sátidé tàbí Sọ́ńdè, tàbí ọjọ́ yòówù tí iṣẹ́ bá fi sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 8 tàbí 10 kìlómítà, kí ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé 30 tàbí 32. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdíje ni èyí tó gùn jù gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dín gbogbo eré kù. Ara yóò máa yún yín láti sáré. Ẹ fi sílẹ̀ kó yún.

Àwọn eléré ultra máa ń sá eré gígùn méjì ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra, kí ẹsẹ̀ lè mọ bí a ṣe ń lọ nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ lè ṣe kékeré rẹ̀: 8 lánàá, 18 lónìí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní iṣẹ́ òru, kó lọ sùn. Tèmi nìyẹn, n kò sì ní yí i padà.

Ooru pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ara máa ń gbà tó ọjọ́ 10 sí 14 kó tó bá ooru rẹ́. Ate ń bọ̀ láti inú òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ó dé Manila ní ọjọ́ 13 ṣáájú. Ní gbogbo àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń sáré jẹ́jẹ́ lábẹ́ igi tó yí ọgbà University of the Philippines ká ní Diliman, níbi tí òbìrípo kan ti jẹ́ 2.2 kìlómítà.

Ìkarùn-ún: irora

Orí ìkànnì, ẹ ó rí èékánná ẹsẹ̀ dúdú tí wọ́n ń gbé sókè bí àmì ẹ̀yẹ. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ara ríro tó tàn káàkiri ẹsẹ̀ méjèèjì yóò lọ. Irora tó dúró sójú kan lórí egungun, tó ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń sá, ẹ dúró lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà wò ó. Ẹ má gbé ibuprofen mì kí ẹ lè sá eré gígùn; kíndìnrín ló ń jẹ gbèsè rẹ̀. Bí ìtọ̀ bá sì dúdú bíi tíì lẹ́yìn eré, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìkẹfà: ọjọ́ náà

Òru ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ máràtọ́ọ̀nù ní Manila kí oòrùn tó mú. Aago mẹ́ta òru ni wọ́n dá ti Ate sílẹ̀. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni ọmọ ìyá rẹ̀ fún un: kó máa rò pé òpó funfun wà ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kó má sì wo èyí tó wà níwájú tèyí tó kàn. Ẹ fi ìlọ́ra sá 10 àkọ́kọ́, débi tí ojú yóò fi máa tì yín. Kìlómítà 32 ni ìdíje gan-an ti ń bẹ̀rẹ̀. Ate rìn lóríṣiríṣi ibi, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin, ó sì wọlé nígbà tí oòrùn ti gòkè, ní wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 48.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan láìsí eré rárá, kí ẹ máa rìn nìkan. Ọ̀sẹ̀ kejì, eré kúkúrú tí kò le. Ate kò tíì lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ìsinmi yìí tó fi tẹ̀ mí láago láti Pampanga, ó ní òun fẹ́ sá 102 lọ́dún tó ń bọ̀. Mo bi í léèrè pé ọdún mélòó ló ti kà.