Ẹ Ti To Ojú Ìbọn Yín Kí Ẹ Tó Wọ Igbó

Ohun tí àwọn ọmọ ilé wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹ ìgbẹ́ níbí ní Texas máa ń bi mí jù lọ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, bí àgbọ̀nrín bá jìnnà, ṣé òkè ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí n fojú sùn?" Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣírò nígbà tí ẹran ti yọ. Ní gúúsù Texas, wọ́n máa ń la ọ̀nà tóóró gígùn sínú igbó ẹlẹ́gùn-ún, sendero ni wọ́n ń pè é. Ẹran lè yọ ní 80 yáàdì, ó lè yọ ní 230, á sì ti sọdá kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí ọta bá bà níkùn lè máa jẹ̀rora nínú igbó di ọjọ́ kejì kó tó kú, ìyẹn sì máa ń dùn mí dọ́kàn.

Ọta kì í rìn gbọọrọ. Gbàrà tó bá ti kúrò lẹ́nu ìbọn ló ti ń já bọ̀. Irọ́ ni pé ó máa ń kọ́kọ́ gbéra sókè fúnra rẹ̀. Awò tí à ń gbé sórí ìbọn láti fi fojú sun ẹran ló fi bí íǹṣì kan àbọ̀ ga ju ọ̀pá ìbọn lọ, a sì máa ń tò ó débi pé bí ojú wa bá lọ tààrà, ẹnu ìbọn á kọjú sókè díẹ̀, bí ẹni ń ju òkò sí máńgòrò tó jìnnà. Ìdí nìyí tí ọta fi ń gba abẹ́ ìlà ojú wa jáde, tó ń là á kọjá sókè, tó sì tún ń padà wálẹ̀ pàdé rẹ̀.

Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín tó bí íǹṣì mẹ́jọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mẹ́fà lèmi máa ń kà, torí ọwọ́ ń gbọ̀n. Ó túmọ̀ sí pé ọta lè fi íǹṣì mẹ́ta ga, ó sì lè fi mẹ́ta rẹlẹ̀, kó ṣì pa ẹran. Gbogbo ibi tí ọta ò bá ti kọjá ààlà yẹn, àárín gan-an ni kí ẹ fojú sùn. Òun ni àwọn ọdẹ ìhín ń pè ní point blank range.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbọn .308 Winchester, ọta 150 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta) tó ń sáré bí ẹsẹ̀ bàtà 2,820 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá tò ó kó bà gẹ́lẹ́ ní 200 yáàdì, á fi bí íǹṣì méjì ga ní 100, á fi mẹ́ta rẹlẹ̀ ní 250, á sì fi bí mẹ́jọ rẹlẹ̀ ní 300. Ẹ wo bó ṣe já lẹ́yìn 250! Ibẹ̀ ni ààlà yín.

Ní pápá ìyìnbọn, ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 25 yáàdì, kó lè bà sínú bébà tí ẹ gbé kọ́ láti yìn, kó wà ní ojú ibi tí ẹ sùn tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí 100. Ẹ yin mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá ìbọn tutù, ẹ yọ ọta kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó lọ wo bébà. Àárín ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ má tìtorí ihò kan ṣoṣo yí nǹkan kan.

Kókó tí à ń yí lórí awò máa ń dún "kẹ́". Lórí ọ̀pọ̀ awò, kẹ́ kan jẹ́ ìdámẹ́rin íǹṣì ní 100 yáàdì, ṣùgbọ́n ní 25, kẹ́ 16 ló ń di íǹṣì kan. Ká ní ọta fi íǹṣì kan rẹlẹ̀ ní 100, tí ẹ sì fẹ́ kó fi méjì ga, íǹṣì mẹ́ta nìyẹn: kẹ́ 12, lọ síbi tí wọ́n kọ UP sí. Ẹ tún yin mẹ́ta.

Ẹ má dúró níbẹ̀ o. Ẹ yìn ín ní 200 àti 250, torí ìbọn méjì kì í sábà rí bákan náà. Bí ẹ bá pààrọ̀ irú ọta, ẹ tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Bó bá le, ẹ sún mọ́ ẹran. Ẹ wá kọ ohun tí ẹ rí sórí tépù funfun, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn: 100, méjì sókè, 200, gẹ́lẹ́, 250, mẹ́ta sísàlẹ̀, 300, má yìn.