Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀: Ẹ Tẹ̀lé Ìlànà, Búlọ́ọ̀kù Ṣì Ń Fọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá oníbúlọ́ọ̀kù, bí ọjà bá bàjẹ́, ọmọ iṣẹ́ lẹ máa ń kọ́kọ́ bú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Inú ọyẹ́ ni, lọ́nà Gánmọ̀, létí Ìlọrin. Mo fi àtàǹpàkò ra igun búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 kan tí wọ́n ti tẹ̀ láti bí ọjọ́ márùn-ún, ó ń ya lulẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ọ̀gá ní ọmọ iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jí sìmẹ́ńtì. Ọmọ náà búra pé àpò 1 sí báárò iyanrìn 4 lòun pò, bí ìwé ìlànà ara ògiri ṣe wí. Òótọ́ ló sọ.

Iyanrìn ló yí padà. Iyanrìn tó tutù díẹ̀ máa ń wú, torí omi inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí hóró rẹ̀ sún mọ́ra. Ẹ dán an wò: ẹ bu irú rẹ̀ kún korobá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá máa da omi sí i títí omi á fi bò ó. Ẹ ó rí i tí iyanrìn á rọra máa rì, tí àyè á ṣí sílẹ̀ lókè. Àyè yẹn ni iyanrìn tẹ́ ẹ rò pé ẹ ní, tẹ́ ẹ ò ní. Ìgbà òjò ni wọ́n kọ ìwé ọ̀hún, nígbà tí iyanrìn tutù tó sì wú, tí báárò 4 kò tó báárò 4. Ọyẹ́ dé, iyanrìn gbẹ, báárò wá kún lóòótọ́, àpò sìmẹ́ńtì kan ò sì ká a mọ́. Ẹ má fi òǹkà oṣù Kẹjọ tẹ búlọ́ọ̀kù oṣù Kìíní. Ẹ dín iyanrìn kù.

Ẹ má sì kọ “ẹ wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù” lásán sínú ìwé náà. Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́? Omi ló ń mú sìmẹ́ńtì le, kì í ṣe oòrùn. Ní ìgbà ọyẹ́, omi tẹ́ ẹ wọ́n láàárọ̀ lè ti gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ máa wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán.

Ti móòdù, ìyẹn irin tẹ́ ẹ fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù, kò gba àlàyé púpọ̀: bó bá ti ya ẹnu, ẹ tún un ṣe.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ náà ti mọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ṣàkíyèsí pé àpòpọ̀ náà ò dì mọ́ra lọ́wọ́ òun bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sọ, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí ìwé wí ni kó ṣe. Korobá ìdánwò ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì iyanrìn wọn báyìí. Òun ló ń dán an wò láràárọ̀ kó tó mú ṣọ́bìrì.