Iná Olójú Púpọ̀ Fẹ́ Ba Àlọ́ Mi Jẹ́ ní Kétu

Inú mi ò tíì rọ̀ lórí 12,000 sẹ́fà tí mo fi ra iná kan nítorí àlọ́. Àlọ́ lásán! Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Kétu, ilẹ̀ Benin, ni mo fẹ́ pa á fún lásìkò ìsinmi, mo sì fẹ́ kí òjìji Ìjàpá máa rìn lára aṣọ funfun bí mo ṣe ń pa á lọ. Àwọn ará Indonéṣíà ti ń ṣe irú eré yìí tipẹ́, wayang kulit ni wọ́n ń pè é: awọ ẹfọ̀n ni wọ́n fi ń gé àwòrán, fìtílà elépo ni wọ́n sì ń tàn látijọ́. Lọ́dún 2008 ni UNESCO kọ tiwọn àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa sínú ìwé àjogúnbá kan náà. Mo ní bí wọ́n bá lè ṣe é, àwa náà á ṣe é.

Gígé páálí àti kíkan aṣọ mọ́ igi ò le, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Iná ni wàhálà. Ọmọkùnrin tó ń ta iná lọ́jà kó èyí tó ní gílóòbù wẹ́wẹ́ lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n tò bí ọmọ àgbàdo lára ṣùkù. "Ẹ̀gbọ́n, òru á di ọ̀sán ni." Lóòótọ́ ló tàn. Àmọ́ bí mo ṣe gbé Ìjàpá síwájú rẹ̀, orí yọ lórí orí, torí gílóòbù kọ̀ọ̀kan ló ń ju òjìji tirẹ̀ sára aṣọ. Mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo iná náà, ni òjìji bá ṣe bàìbàì, ẹ ò lè mọ ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ìrù. Kí n gbé e jìnnà sẹ́yìn ńkọ́? Àgbàlá wa ò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e padà lọ. Ọmọkùnrin náà tì í mọ́ kúrán, ó tàn yanran. "Ẹ̀gbọ́n, ohun tó ń tàn ò bàjẹ́. Owó ò ṣeé dá padà." Kí ni kí n wí? Pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù? Àwọn tó dúró tì wá ti ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ ọjọ́ náà, kúrán lọ. Mo tan iná fóònù kí n fi wá ìṣáná, mo sì rí ọwọ́ mi lára aṣọ, títí kan èékánná. Ojú iná kékeré kan ṣoṣo! Ohun tí mo ń náwó lé lórí wà nínú àpò mi. Fóònù ìyàwó mi mọ́lẹ̀ ju tèmi lọ, àmọ́ ojú iná méjì ló ní, etí òjìji sì di méjì. A fi téèpù dúdú lẹ ọ̀kan pa.

Àlọ́ Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo ni mo pa. Mo gé ikùn Ìjàpá lọ́tọ̀ sórí igi tirẹ̀. Ohun tó bá sún mọ́ aṣọ, òjìji rẹ̀ á kéré, etí rẹ̀ á mú. Tó bá sún mọ́ iná, á máa tóbi. Bí a ṣe ń gbe orin àlùgbinrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn aṣọ ń fa ikùn bọ̀ síhà iná díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bo gbogbo aṣọ. Ariwo tí àwọn ọmọ pa, wọ́n á gbọ́ ọ dé Akábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Ìyá àgbà kan tó ní eré ọmọdé ni, òun náà ló ní ká tún un ṣe.

Nígbà tí a sì tún un ṣe, ọmọ yẹn gbé ikùn jáde kí Ìjàpá tó tọ́ ọbẹ̀ wò! Ẹ so iṣẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ mọ́ ègbè: ègbè kìíní, kó má mira, ègbè kejì, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹ sì bẹ ará ilé kejì kó pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Tiwa kọ̀, àfìgbà tí mo gbé àga fún un níwájú.