Black wo gan-an ni wọ́n? Bí mo ṣe tọpinpin ìran ọkọ mi ní Scotland

Orúkọ ìdílé ọkọ mi ni Black. Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán ná, torí àwọn èèyàn mi l'Óṣogbo ti rẹ́rìn-ín tiwọn láti ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, pé òyìnbó funfun báláú wo ló ń jẹ́ Dúdú yìí. Glasgow là ń gbé, gbogbo ilé ọkọ mi ló sì gbà pé MacGregor làwọn, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn clan, agbo ìdílé ńlá tó ní olórí tiwọn ní Scotland, pé ìran Rob Roy, gbajúmọ̀ MacGregor ayé àtijọ́ yẹn, làwọn, bàbá ọkọ mi tiẹ̀ ní kilt, ìyẹn síkẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin Scotland, ti MacGregor pupa kan tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sóde ìgbéyàwó. Mo bi wọ́n pé Daddy, báwo lẹ ṣe mọ̀, wọ́n ní inú ṣọ́ọ̀bù kan l'Edinburgh làwọn ti rí i lára pátákó tí wọ́n to orúkọ sí, pé ẹni tó bá ti ń jẹ́ Black kó lọ mú aṣọ MacGregor. Èmi tí mo dàgbà nílé tí wọ́n ti ń ki èèyàn látorí bàbá dórí bàbá ńlá, ọ̀rọ̀ pátákó ò wọ̀ mí létí rárá. Mo ní ẹ jẹ́ n bá yín wá a.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ibi tí pátákó yẹn ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n pa o. Lọ́dún 1603, lẹ́yìn ìjà Glen Fruin táwọn MacGregor ti pa àwọn Colquhoun lọ rẹpẹtẹ, ọba James VI fòfin de orúkọ MacGregor pátápátá, ẹni tó bá lóun ò jẹ́ orúkọ míì lè fẹ̀mí ara ẹ̀ dí i. Kí làwọn èèyàn fẹ́ ṣe? Wọ́n yáa ń jẹ́ Campbell, Murray, Graham, Drummond, àwọn kan ń jẹ́ Black. Rob Roy alára, Campbell tó jẹ́ orúkọ ìdílé ìyá ẹ̀ ló ń lò. Wọ́n gbé òfin yẹn kúrò ní 1661, wọ́n tún dá a padà ní 1693, ọdún 1774 ló tó lọ pátá. Àmọ́ àwọn Lamont ti Cowal náà wà ńbẹ̀, àwọn Campbell pa wọ́n nípakúpa ní Dunoon lọ́dún 1646, àwọn tó bọ́ nínú ẹ̀ náà fi Black àti Brown àti White bora. Ẹ tún máa rí Black lábẹ́ àwọn MacLean ti Duart. Clan mẹ́ta, orúkọ kan! Ká má tíì wá sọ àwọn Black ti Lowlands, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ Scotland, tí wọn ò bá clan kankan ṣe rí láyé wọn.

Nǹkan míì tún wà ńbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ olórí clan ló bá a tan. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ olóyè, tó ń bá a jagun, lè gba orúkọ olóyè náà kó lè rí ibi sá sí. Àwa náà mọ irú ẹ̀ kẹ̀, ṣebí Herbert Macaulay ń jẹ́ Macaulay, orúkọ tó wà ní erékùṣù Lewis níbí, bẹ́ẹ̀ Sierra Leone ni wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé sì ni. Tẹ́nì kan bá fi orúkọ nìkan wá ìran yẹn, Lewis ló máa bára ẹ̀, wọn ò dẹ̀ ní mọ̀ ọ́n rí níbẹ̀.

Torí náà mo pa pátákó tì, ọ̀dọ̀ àwọn tó wà láàyè ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Daddy obìnrin kan ń gbé ní Paisley, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa, Àǹtí la máa ń pè wọ́n. Mo gbé kéèkì lọ, wọ́n po tíì, mo tan fóònù sílẹ̀ kó máa gba ohùn wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi àgbàlagbà pé clan wo ni yín, MacGregor náà ni wọ́n máa sọ. Ta ló kú, ọdún wo, àdúgbò wo, iṣẹ́ kí ló ń ṣe, ta ni ìyá ẹ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Àǹtí gbé páálí bàtà kan jáde, káàdì ìsìnkú ló kúnnú ẹ̀ àti fọ́tò òkúta ibojì kan, ibi òkúta yẹn ni mo ti rí ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn àwọn ará Scotland sí i: orúkọ ilé bàbá obìnrin kì í sọnù níbí. Tí wọ́n bá kọ orúkọ ọkọ tán, wọ́n á kọ ìyàwó ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n fi bí i, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìwé ìjọba. Ká ní kì í ṣe ìyẹn ni, mi ò bá ti sọnù sáàárín àwọn Black tó kún Glasgow.

Ibi tí iṣẹ́ wá wà gan-an ni ScotlandsPeople, wẹ́ẹ̀bùsáìtì ìjọba ni, National Records of Scotland ló ni ín. Ọ̀fẹ́ lẹ máa fi wá orúkọ, kírẹ́díìtì lẹ máa fi ṣí àwòrán ìwé náà fúnra ẹ̀, mẹ́fà fún sàtífíkéètì kan, pọ́n-ùn kan ààbọ̀ nìyẹn nígbà tí mo ṣe é. Ẹ fi ọdún àti àdúgbò sẹ́ ẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ owó á kàn máa lọ wẹ́rẹ́. Wọn kì í gbé ti àìpẹ́ yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbí gbọ́dọ̀ ti tó 100 ọdún, ìgbéyàwó 75, ikú 50, ìdí nìyẹn tí páálí Àǹtí fi wúlò, òun ló gbé mi kọjá àwọn ọdún tí wọ́n tì pa. Ikú ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ní tèmi, torí sàtífíkéètì ikú ní Scotland máa ń kọ bàbá àti ìyá olóògbé, tòun ti orúkọ ilé bàbá ìyá náà. Tí mo bá ti rí tọkọtaya yẹn, mo lọ wá ìgbéyàwó wọn, ìyẹn á tún gbé àwọn òbí tọ̀tún tòsì jáde, mo tún lọ wá ikú àwọn yẹn, bí mo ṣe ń gòkè nìyẹn. Ìwé ìkànìyàn ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni kan náà ni, ó wà láti 1841 dé 1921, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ti 1891 dùn mọ́ mi jù, wọ́n béèrè èdè nínú ẹ̀, bàbá bàbá Daddy wà ńbẹ̀ ní Govan, ọmọdé, wọ́n kọ G & E sí iwájú orúkọ òbí ẹ̀ méjèèjì, ìyẹn ni pé wọ́n ń sọ Gaelic, èdè ìbílẹ̀ Scotland, wọ́n sì ń sọ òyìnbó. Àwọn ọmọ ò ní nǹkan kan níwájú tiwọn. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe àwa nìkan ni èdè ń bọ́ lẹ́nu ọmọ wa nílùú òkèèrè.

1 January 1855 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ yìí, ọdún àkọ́kọ́ yẹn wọ́n béèrè ìbéèrè bíi pé wọ́n ń fẹ́ fi yan ọba, ó wọ àwọn akọ̀wé lọ́rùn, wọ́n dín in kù nígbà tó máa fi di 1856. Ẹni tí èèyàn ẹ̀ bá kú lọ́dún yẹn, ó bá oríire pàdé, tiwa sì kú. Ìyá àgbà kan ni, Gorbals ló kú sí. Mo fẹ ìwé yẹn lójú kọ̀ǹpútà títí, ìkọ̀wé tó dùbúlẹ̀ sápá kan, yíǹkì ẹ̀ ti pọ́n: orúkọ ọkọ, orúkọ àwọn ọmọ lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ọjọ́ orí, àwọn tó ti kú pẹ̀lú ọdún tí wọ́n kú, ibi tí wọ́n bí òun fúnra ẹ̀ sí, Lismore, Argyllshire. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló lọ fi ikú náà sùn, kò mọ̀wé, X ló fi síbẹ̀, akọ̀wé wá kọ ọ́ yí X náà ká pé ọwọ́ ẹ̀ nìyí. X yẹn wọ́, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ẹni tó fà á kò jọ ẹni tó mú gègé rí.

Lismore, erékùṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni lẹ́bàá Oban. Ṣáájú 1855 ìwé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan lèèyàn ní, ó sì ń já. Àwọn Black pọ̀ níbẹ̀, àwọn akọ̀wé míì á kọ Black, àwọn míì á kọ ọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lédè Gaelic, McIlduy. Tọkọtaya méjì ló bá tiwa mu, ohun tó bá mi yanjú ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ láyé ìgbà yẹn, àkọ́bí ọkùnrin máa ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá ẹ̀, ìkejì á jẹ́ ti bàbá ìyá. Àkọ́bí tiwa ń jẹ́ Dugald, nínú tọkọtaya méjèèjì, ẹyọ kan ló ní Dugald lókè. Kì í ṣe ẹ̀rí tí kóòtù máa gbà, àmọ́ èmi gbà á. Lẹ́yìn àwọn yẹn ìwé ò sọ nǹkan kan mọ́.

Kò síbi kankan tí MacGregor ti jáde. Lamont náà ò jáde. Téèyàn bá dúró ní Lismore á máa wo ilé olódi Duart táwọn MacLean ní òdìkejì omi, ọkọ mi ti fẹ́ máa fò sókè, mo ní sinmi jàre, pé èèyàn jẹ́ aládùúgbò ò sọ ọ́ dọmọ ìyá. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà ni pé àgbẹ̀ Lismore ni wọ́n, wọ́n ń sọ Gaelic, iṣẹ́ ló gbé wọn dé Glasgow.

Daddy gbọ́ ọ, ojú wọn kọ́rẹ́ lọ díẹ̀, wọ́n ní kí wá ni káwọn ṣe kilt. Mo ní kẹ́ ẹ máa wọ̀ ọ́ ni, kò sófin tó ní kẹ́ ẹ má wọ̀ ọ́, aṣọ tí wọ́n ń sọ pé clan kọ̀ọ̀kan ló nìkan ni ín yìí gan-an, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò pẹ́, lẹ́yìn tí ọba George IV wá s'Edinburgh lọ́dún 1822 ni ọjà ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná. Àmì ìdílé tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ ọn ló lófin nídìí, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ni ín, kóòtù Lord Lyon ló ń rí sí i, ẹ má lọ gbẹ́ ẹ sórí gééètì yín.

Ìyá ọkọ mi wá ní ṣé tàwọn kọ́ ni, káwọn náà mọ tiwọn, ìran tiwọn sì rèé, Donegal ní Ireland, bẹ́ẹ̀ ìwé àtijọ́ Ireland jóná lọ rẹpẹtẹ ní Dublin lọ́dún 1922. Mo ní Mummy, ẹ máa wá páálí bàtà tiyín sílẹ̀ ná.