Omi abẹ́ ibùsùn mi nínú ọkọ̀: ibi tó ti ń wá rèé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rò pé ọkọ̀ mi ń jò. Ọkọ̀ ojú omi onírin tóóró tí mò ń dá gbé lórí Grand Union Canal, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ nílẹ̀ England, ni, nínú òtútù oṣù kìíní. Bí mo bá jí, ògiri á ti máa làágùn, abẹ́ tìmùtìmù á rin gbindin. Etí rẹ̀ kan tilẹ̀ ti bu, ó ń rùn.

Mo ṣí pákó ilẹ̀, mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀: ó gbẹ táútáú. Àṣé èmi gan-an ni mò ń pọnmi sínú ọkọ̀! Èémí mi, ìrẹsì tí mò ń sè lórí gáàsì láìdé ìkòkò, aṣọ tí mo sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Gbogbo ooru wọn kan irin tútù, ó di omi. Mo tún ti fi àkísà dí ihò atẹ́gùn òrùlé nítorí òtútù, bẹ́ẹ̀ èédú ń jó nínú ààrò. Ìyẹn lè pa èèyàn mọ́jú oorun.

Mo yọ àkísà. Mo to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ tìmùtìmù kí afẹ́fẹ́ lè gbabẹ̀. Mo ń dé ìkòkò, aṣọ ń lọ sílé ìfọṣọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo tọwọ́ bọ abẹ́ tìmùtìmù. Ó gbẹ. Fèrèsé ṣì ń làágùn díẹ̀. Àkísà yẹn náà ni mo fi ń nù ún.